Alẹ́ Géèmù Nílé: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣètò Rẹ̀ Tí Kò Fi Ní Í Sú Ẹnikẹ́ni

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pe àwọn ọ̀rẹ́ wá ta géèmù nílé mi, agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ni mo dá fún wọn. Agogo 7 ti kọjá dáadáa kí ẹni tó gbẹ̀yìn tó dé. Mo wá ṣí páálí géèmù tuntun tí n kò ta rí, mo gbé ìwé òfin rẹ̀ dání, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Kí n tó dé ojú ewé kẹta, ẹnì kan ti ń tòògbé, ẹnì kan ti wọ inú fóònù rẹ̀ lọ, ẹ̀kẹta sì ń bi mí bóyá oúnjẹ ti jinná. Oúnjẹ kò tíì jinná. Nígbà tó jinná, orí tábìlì géèmù náà ni mo gbé e sí, ọbẹ̀ sì kán sórí káàdì. A ò ta géèmù yẹn parí dòní.

Nígbà tí mo ro ó lẹ́yìn náà, mo rí i pé kì í ṣe géèmù ló burú. Ìdúró ló bà á jẹ́. A dúró de ẹni tó pẹ́, a dúró de òfin, a dúró de oúnjẹ, a tún dúró de ẹni tó ń ronú ohun tó fẹ́ ta. Látìgbà náà, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi nípa gbogbo ohun tí mo bá ń ṣètò: ṣé èyí máa mú kí ẹnì kan jókòó lásán? Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kí àlejò tó kan ilẹ̀kùn ni ẹ ó ti ṣe é tán.

1. Ẹ ka orí kí ẹ tó yan géèmù

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé onílé á kọ́kọ́ mú géèmù tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa wá èèyàn tí yóò bá a ta á. Ẹ yí i padà. Ẹ kọ́kọ́ mọ iye ẹni tó ń bọ̀ àti irú ẹni tí wọ́n jẹ́.

Fún tábìlì kan, èèyàn 4 tàbí 5 ló dára jù lójú tèmi. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: bí èèyàn 5 bá wà nídìí géèmù, tí olúkúlùkù sì ń lo ìṣẹ́jú 2 nígbà tó bá kàn án, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta yóò jókòó fún ìṣẹ́jú 8 kó tó tún kàn án. Bí wọ́n bá jẹ́ 3, ìṣẹ́jú 4 péré ni. Bí wọ́n bá wá jẹ́ 8, ìṣẹ́jú 14 ni, ìyẹn sì tó èèyàn sùn lọ. Bí ẹ bá ti ju 6 lọ, ẹ pín sí tábìlì méjì, tàbí kí ẹ mú géèmù tí a ń pín ta ní ẹgbẹ́ méjì, tí gbogbo ẹnu á jọ máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ tún wádìí àwọn nǹkan kéékèèké. Ta ni kò ta irú rẹ̀ rí? Ta ni ojú rẹ̀ kì í rí lẹ́tà wínníwínní lórí káàdì? Ṣé ọmọdé máa bá wọn wá? Bí ọ̀ta méjì bá wà láàárín òpè mẹ́ta, ẹ má ṣe mú géèmù tí ìrírí ọdún mẹ́wàá ti ń ṣiṣẹ́, torí àwọn òpè náà á mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé àwọn kàn wá kún tábìlì ni.

2. Géèmù mẹ́ta, kì í ṣe mẹ́wàá

Ẹ má kó gbogbo páálí inú kọ́bọ́ọ̀dù jáde. Bí ẹ bá kó mẹ́wàá síwájú èèyàn márùn-ún, ìdajì wákàtí ni wọn á fi jiyàn lórí èyí tí wọ́n fẹ́ ta. Mẹ́ta ni kí ẹ mú: èyí tí a fi ń ṣílẹ̀kùn, èyí tó jẹ́ olórí, àti èyí tí a fi ń parí rẹ̀.

Géèmù ìṣílẹ̀kùn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tó pẹ́ lè wọ inú rẹ̀ láìsí wàhálà, tí kò sì ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Just One ni mo fẹ́ràn jù fún èyí. Èèyàn 3 sí 7 ló ń ta á, gbogbo wọn ló sì wà ní ẹgbẹ́ kan náà. Ẹnì kan kò ní í mọ ọ̀rọ̀ tó wà lórí káàdì; àwọn yòókù á kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti fi tọ́ ọ sọ́nà, ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá kọ ohun kan náà, wọn á pa méjèèjì rẹ́ kó tó rí i. Gbogbo èèyàn ló ń kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà kò sẹ́ni tó ń dúró. UNO náà dára, èèyàn púpọ̀ ló ti mọ̀ ọ́n, káàdì 7 ni a ń pín fún olúkúlùkù, ó parí.

Fún olórí géèmù, èyí tó máa gba láàárín ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan àti ààbọ̀ ni kí ẹ wá. Ticket to Ride, géèmù ọkọ̀ ojú irin tí Alan R. Moon ṣe, tó sì jáde ní 2004, wà fún èèyàn 2 sí 5. Mi ò tíì rí òpè tí kò mọ̀ ọ́n ta láàárín ìgbà mẹ́ta tó kàn án. Carcassonne ti ọdún 2000 náà gba èèyàn 2 sí 5: èèyàn á mú wẹ́wẹ́ páálí kan, á fi kún àwòrán tó wà nílẹ̀, ilẹ̀ á máa gbòòrò sí i. Catan, tí Klaus Teuber ṣe ní 1995, dùn fún èèyàn 3 tàbí 4 torí pé ẹ ó máa ṣe pàṣípààrọ̀ ẹrù láàárín ara yín, ẹni tí kò kàn náà ń bá wọn dúnàádúrà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní póìǹtì 10 ló borí. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú lálẹ́ ọjọ́ náà, Pandemic wà níbẹ̀ fún èèyàn 2 sí 4: gbogbo yín ni ẹ jọ ń bá àrùn mẹ́rin jà, ẹ ó jọ yè é tàbí kí ẹ jọ kú.

Fún ìparí, nǹkan tó ń pani lẹ́rìn-ín ni. Jenga, igi 54 tí a tò léra, kò ní òfin tó ju gbólóhùn méjì lọ. Codenames náà wà fún ẹgbẹ́ méjì: ọ̀rọ̀ 25 á wà nílẹ̀, olórí ẹgbẹ́ á sọ ọ̀rọ̀ kan àti iye kan, àwọn tirẹ̀ á máa wá èyí tó ní lọ́kàn. Kò pọn dandan kí ẹ lo káàdì inú páálí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá 25 sórí bébà wẹ́wẹ́, ẹ ó rí bí ẹ̀rín á ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí àmì ohùn. Bí ẹ bá kọ «igba» láìfi àmì sí i, ẹnì kan á ní igbá ni, ẹnì kan á ní ìgbà ni, ẹlòmíì á ní igba tí a ń kà lówó ni, ìjà sì dé nìyẹn.

Nípa Monopoly, mo mọ̀ pé ilé púpọ̀ ló ní in. Láti 1935 ni Parker Brothers ti gbé e jáde. Mi ò sọ pé kí ẹ má ta á, àmọ́ ẹni tó bá wọ gbèsè níbẹ̀ ti jáde nìyẹn, ó lè jókòó wo àwọn yòókù fún wákàtí méjì. Ohun tó tún ń fà á gùn ni pé a kì í tẹ̀ lé ìwé òfin. Òfin sọ pé bí ẹnì kan bá balẹ̀ sórí ilé tí kò ní onílé, tí kò sì fẹ́ rà á, kí wọ́n ta á ní gbàǹjo lójú ẹsẹ̀ fún ẹni tó bá sanwó jù. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń kó owó ìtanràn jọ sáàárín pátákó fún ẹni tó bá balẹ̀ sí Free Parking, igun ìsinmi kan lórí pátákó; kíkó owó jọ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú òfin rárá. Owó tó yẹ kó ti jáde á tún padà wọlé, ẹni tó yẹ kó ti ṣubú kò ní í ṣubú, ilẹ̀ á sì mọ́ bá yín. Ẹ ṣe gbàǹjo, ẹ fi owó Free Parking sílẹ̀, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Lúdò náà ní ìdúró tirẹ̀. Bí dáìsì kan lẹ bá ń lò, tó sì jẹ́ pé ẹ̀fà nìkan ló ń mú ọmọ jáde, nínú ẹni mẹ́ta tó bá da dáìsì ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan wà tí kò ní í rí ẹ̀fà kankan. Ẹni yẹn á kàn máa da dáìsì fún àwọn ará ilé rẹ̀ tí kò jáde. Ẹ gbé ọmọ kan síta fún olúkúlùkù kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀.

3. Bí a ṣe ń pe èèyàn

Ẹ sọ àkókò tí eré máa bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó máa parí. Ẹni tó bá mọ ìgbà tó máa parí kì í wo aago. Irú àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo máa ń fi ránṣẹ́ nìyí:

«Ẹ káàárọ̀ o. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí, ilé mi, géèmù. Ilẹ̀kùn ṣí ní agogo 6, géèmù ńlá bẹ̀rẹ̀ ní agogo 7 gééré, a ti ká a nílẹ̀ ní agogo 10. Oúnjẹ wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bí oúnjẹ kan bá wà tí ara yín kì í gbà.»

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe àṣejù. Ẹ̀pà ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn onílé nígbà tó bá ń wá ìpanu, ó sì wà lára ohun tó lè ṣe ẹlòmíì ní jàǹbá gidi. Ẹ béèrè ṣáájú.

Àárín agogo 6 sí agogo 7 ni géèmù ìṣílẹ̀kùn wà fún. Ẹni tó bá tètè dé ń ta nǹkan, ẹni tó pẹ́ kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Tó bá di agogo 7, ẹ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan kò bá tíì dé, ẹ̀gbẹ́ ẹlòmíì ló máa jókòó sí nígbà tó bá dé, kí wọ́n jọ ta ọwọ́ kan náà títí ẹ ó fi parí.

4. Ẹ dá a ta ṣáájú

Mi ò ní í fi ìpele yìí falẹ̀. Bí ẹ kò bá ta géèmù náà rí, ẹ gbé e jáde lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ jókòó bí ẹni méjì, ẹ ta á fún ọwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìwé òfin tí a kà kì í dà bí èyí tí a fi ọwọ́ ṣe. Ibi tí ẹ bá ti dúró tí ẹ ní «ẹ̀n, kí ni mo máa ṣe níbí?», ibẹ̀ gan-an ni àwọn àlejò yín á ti béèrè. Ẹ fi bébà kékeré sí ojú ewé yẹn nínú ìwé òfin.

5. Oúnjẹ

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n jẹ oúnjẹ gidi, ẹ jẹ́ kó ní àkókò tirẹ̀. Láàárín géèmù ìṣílẹ̀kùn àti géèmù ńlá ló dára jù, lórí tábìlì mìíràn tàbí lórí tábìlì kan náà kí ẹ tó tẹ́ géèmù sí i. Kí gbogbo wọn jẹun, kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́, kí ẹ nu tábìlì. Ohun tó bá máa wà nílẹ̀ nígbà tí eré bá ń lọ, ìpanu ni kó jẹ́.

Mo ní ọ̀nà kan tí mo fi ń dán ìpanu wò. Mo máa ń mú un jẹ, lẹ́yìn náà máa fi ìka tẹ bébà funfun kan. Bí ìka mi bá hàn lórí bébà, bóyá òróró ni tàbí ata tàbí ṣúgà, kò gbọdọ̀ dé tòsí káàdì. Káàdì tí òróró bá ti kàn ti ní àmì lẹ́yìn nìyẹn, ẹni tó bá sì lójú á máa mọ káàdì tó wà lọ́wọ́ yín láìyí i padà.

Gúgúrú tí kò ní bọ́tà, bísíkíìtì tí kì í rún, ẹ̀pà yíyan fún àwọn tí ara wọn gbà á, èso tí a gé wẹ́wẹ́, wàràkàṣì tí a gé ní kékeré-kékeré: ìwọ̀nyí yege. Búrẹ́dì tí a fi ẹran tàbí ẹyin há láàárín náà dára bí ẹ bá gé e kékeré tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa jù ú sẹ́nu. Ohunkóhun tó bá tutù tàbí tó lẹ̀, ẹ gún igi ìtayín sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ànàmọ́ díndín tí òróró pọ̀ nínú rẹ̀ ni gbogbo èèyàn fẹ́ràn, òun náà ló sì burú jù. Bí ẹ kò bá lè ṣe láìsí i, ẹ pèsè fọ́ọ̀kì kéékèèké. Wọ́n á kọ́kọ́ fi yín rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n á lò ó.

Ẹ má gbé abọ́ ńlá kan sáàárín. Ọwọ́ tó bá ń nà kọjá orí pátákó ló ń gbá ọmọ géèmù ṣubú. Abọ́ kékeré fún ẹni kọ̀ọ̀kan, tàbí ọ̀kan fún ẹni méjì, ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi ń jẹun. Ọwọ́ kejì ni kó máa di káàdì mú. Tíṣù gbígbẹ àti aṣọ ìnuwọ́ tó tutù díẹ̀ yẹ kó wà ní ibi tí gbogbo ọwọ́ ti lè tó o.

Ẹ ṣọ́ àkókò pẹ̀lú. Ẹran, ẹyin, wàràkàṣì àti ohun tí a fi wàrà ṣe kò yẹ kó wà lórí tábìlì ju wákàtí 2 lọ. Bí ooru ibẹ̀ bá ju ìwọ̀n 32 ti Celsius lọ, wákàtí 1 ni. Géèmù a sì máa gbàgbé aago. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé ìdajì ni mo máa ń gbé jáde, ìdajì yòókù á wà nínú fíríìjì. Bí àkọ́kọ́ bá tán, abọ́ tuntun ni mo máa ń gbé wá, mi ò kì í da tuntun lé ògbólógbòó lórí.

6. Ohun mímu, àti ohun tí a ń ṣe bó bá dà

Òfin kan ni mo ní tí mi ò fi ṣeré: ife kì í jókòó lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú géèmù. Ẹ wá àpótí tàbí tábìlì kékeré tó kéré sí tábìlì géèmù, ẹ fi ọ̀kan sáàárín ẹni méjì-méjì. Bí ife bá ṣubú láti ibẹ̀, ilẹ̀ ló máa dà sí. Bí àyè kò bá gba èyí, ẹ lo ife tó ní ìdérí tàbí èyí tí ìdí rẹ̀ gbòòrò, kí ẹ má sì bu kọjá ìdajì. Ife tó tutù a máa làágùn, nítorí náà ẹ fi nǹkan sábẹ́ rẹ̀.

Omi gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ohun gbogbo lọ. Ẹ fi omi èso àti ẹlẹ́rìndòdò díẹ̀ kún un. Bí ọtí bá wà, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dúró de géèmù kẹta. Ọtí kì í jẹ́ kí èèyàn ronú yára, ìdúró tí à ń sá fún á tún wọlé. Ẹni tó máa wakọ̀ lọ sílé, ẹ má ṣe bu ọtí fún un rárá. Ẹ kọ orúkọ sára ife. Bí ẹ kò bá ṣe é, agogo 9 ni gbogbo wọn á máa béèrè pé ife ta nìyí.

Lọ́jọ́ kan ṣá, ó máa dà. Bó bá dà, káàdì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kúrò, kì í ṣe tábìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ nù. Ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ kó fa omi náà mu. Ẹ má fi nù ún síwá-sẹ́yìn, ojú àwòrán á bó. Ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n má lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ẹ fi bébà funfun sáàárín wọn, ẹ gbé ìwé wúwo lé wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ má sá wọn sóòrùn, wọ́n á ká bí ewé gbígbẹ. Fún géèmù tí ẹ fẹ́ràn gan-an, ẹ ra ọ̀rá tí a ń fi káàdì sí. Púpọ̀ nínú káàdì géèmù fẹ̀ tó mílímítà 63, wọ́n sì gùn tó mílímítà 88, àmọ́ ẹ fi rúlà wọn tiyín kí ẹ tó rà á.

7. Tábìlì àti àyíká rẹ̀

Olúkúlùkù nílò bíi sẹ̀ǹtímítà 60 ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì kí ìgbúnwọ́ má bàa máa gbá ìgbúnwọ́. Ẹ tẹ́ aṣọ tó nípọn sórí tábìlì: káàdì á rọrùn láti mú, dáìsì kò sì ní í máa pariwo. Ìdérí páálí géèmù ni kí wọ́n máa da dáìsì sí, kó má bàa yí lọ sábẹ́ àga. Iná kó wá láti òkè. Bí fáànù bá wà, ẹ má kọjú rẹ̀ sí tábìlì. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo rí i tí owó Monopoly fò káàkiri pálọ̀, wọn ò sì gbà pé kì í ṣe èmi ni mo ṣètò rẹ̀.

Kí àlejò tó dé, ẹ ti tẹ́ géèmù ńlá sílẹ̀ tán níbi tí ẹ ó ti kàn gbé e wá. Ẹ ti pín ọmọ géèmù sínú abọ́ kéékèèké, kí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀.

8. Ṣíṣàlàyé òfin

Ibí ni ọ̀pọ̀ onílé ti máa ń pàdánù àwọn àlejò wọn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ géèmù kékeré kan, wọ́n á máa sọ pé «ṣùgbọ́n bí báyìí bá ṣẹlẹ̀...», nígbà tí ẹni tó ń gbọ́ kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń lé. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí a fi ń borí. Lẹ́yìn náà, ìgbà tó ń parí. Lẹ́yìn náà, ohun tí èèyàn ń ṣe nígbà tó bá kàn án. Gbogbo «ṣùgbọ́n» yòókù lè dúró títí yóò fi ṣẹlẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe máa ń sọ ti Ticket to Ride:

«A fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin so ìlú pọ̀ mọ́ ìlú. Ẹni tí póìǹtì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. Ọkọ̀ 45 ló wà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Bó bá ti ku 2 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, á tún kan gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí. Bó bá kàn ẹ́, nǹkan kan péré lo máa ṣe nínú mẹ́ta: yálà kó o mú káàdì, tàbí kó o fi káàdì tó o ti kó jọ gba ojú irin kan, tàbí kó o mú tíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Tíkẹ́ẹ̀tì sọ ìlú méjì tó o máa so pọ̀. Bó o bá so ó, o jèrè. Bí o kò bá so ó, wọ́n á yọ póìǹtì ẹ. Ó tán. Ta ló kàn?»

Ìyẹn kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ wá ta ọwọ́ àkọ́kọ́ ní gbangba, kí gbogbo káàdì ṣí sílẹ̀, kí ẹ máa sọ ìdí tí ẹ fi ṣe ohun tí ẹ ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo rẹ̀ padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ẹni kan ṣoṣo ni kó ṣàlàyé. Bí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n bá fẹ́ máa dá sí i, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín bu omi wá.

9. Nígbà tí eré bá gbóná

Ẹ ó rí ẹni tó máa ń ronú títí. Ẹ má kanra mọ́ ọn. Ẹ lè lo aago oníyanrìn, àmọ́ kó jẹ́ fún gbogbo èèyàn, kì í ṣe fún òun nìkan. Ọ̀nà tó tún rọrùn ni kí ẹ máa kìlọ̀ ṣáájú: «Lágbájá ló kàn, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ lé e.» Ẹni tó bá ti mọ̀ pé òun ló tẹ̀ lé e á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Ẹni kejì ni ẹni tó ń bá gbogbo èèyàn ta. Nínú Pandemic ló ti máa ń pọ̀ jù, torí pé ẹgbẹ́ kan ni yín: á máa sọ fún yín pé ẹ lọ síbí, ẹ ṣe tọ̀hún, títí ẹ ó fi di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Òfin tí mo máa ń gbé kalẹ̀ ni pé ìmọ̀ràn wà fún ẹni tó bá béèrè, ẹni tó kàn ló sì ní ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, kódà bó bá máa pa gbogbo wa.

Fún ọmọdé, ẹ so ó pọ̀ mọ́ àgbàlagbà kan. Òun ni kó máa da dáìsì, kó sì máa gbé ọmọ géèmù. Ẹ má ṣe mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó borí, ó máa ń mọ̀.

Ẹ̀yin onílé fúnra yín, ẹ má lé ipò kìíní ní géèmù ńlá. Mo mọ̀ pé ó nira. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka òfin lálẹ́ àná, tó tún lu àwọn àlejò rẹ̀ ní àlùbolẹ̀, òun nìkan ló máa gbádùn ọjọ́ náà. Bí ojú ẹnì kan bá ti ń rẹ̀wẹ̀sì nítorí pé ó ti jìnnà sẹ́yìn, ẹ bi gbogbo wọn pé ṣé kí a kà á sí pé ó parí, kí a gbé géèmù kẹta wá. Kò sẹ́ni tí a fi ẹ̀wọ̀n so mọ́ géèmù.

10. Kíkó nílẹ̀

Nígbà tó bá ku ìdajì wákàtí sí àkókò tí ẹ dá, ẹ kéde pé èyí ni ìkẹyìn. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, ẹ jọ ka ọmọ géèmù padà sínú páálí. Mo máa ń kọ iye rẹ̀ sínú ìdérí páálí kọ̀ọ̀kan: Jenga 54, Carcassonne 72, lẹ́tà Scrabble 100. Bí ẹ bá ká a lálẹ́ ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú márùn-ún ni, gbogbo ọwọ́ sì wà nílé. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ̀yin nìkan lẹ máa fi eékún wá a lábẹ́ àga. Ẹ yẹ inú àwọn abọ́ ìpanu wò kí ẹ tó fọ̀ wọ́n. Inú gúgúrú tó ṣẹ́kù ni mo ti rí lẹ́tà kan tó dín.